Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Ni Ohun Tí Òǹkọ̀wé Kó Jọ?

Nínú ìwé wa ti oṣù tó kọjá, a sọ ìtàn Zora Neale Hurston ní ṣókí. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1891, ìlú Eatonville ní Florida, tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣàkóso fúnra wọn, ni ó sì dàgbà sí. Iṣẹ́ tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ni kíkó ìtàn, orin, àlọ́ àti àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, tí ó ń kọ̀wé fún ẹni tó bá gbéṣẹ́ fún un, láìsí owó oṣù kan pàtó tó lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló wọlé lórí rẹ̀. A yan díẹ̀ nínú wọn, a gé àwọn tó gùn kúrú, a kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ pé Arábìnrin Hurston kọ ìwé tó gbayì, ẹ tún sọ pé ilé ìtọ́jú àwọn aláìní ni ó kú sí. Báwo ni ẹni tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń jẹun? Ọmọ mi obìnrin fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ máa kọ̀wé nípa àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀rù ń bà mí. (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ fún yín: àtijẹ àtimu Hurston kò fìgbà kan rọrùn. Ibi púpọ̀ ni owó rẹ̀ ti ń wá, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wá. Ní 1927, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Barnard College ní New York lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Franz Boas, wọ́n fún un ní 1,400 dọ́là láti fi oṣù mẹ́fà kó ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú jọ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Charlotte Osgood Mason gbà láti máa fún un ní 200 dọ́là lóṣooṣù, lórí àdéhùn kan tí mo máa sọ̀rọ̀ lé nísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí ti le. Lẹ́yìn tí owó Mason dáwọ́ dúró, ó rí owó ìrànwọ́ Guggenheim gbà ní 1936, ó sì fi rìnrìn àjò lọ sí Jàmáíkà àti Haiti. Haiti ni ó wà tí ó fi ọ̀sẹ̀ méje kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tó lókìkí jù lọ, tó jáde ní 1937. Ní 1938, ó wọ ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti fún àwọn òǹkọ̀wé níṣẹ́ lákòókò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Láàárín gbogbo èyí, ó ń ta àròkọ àti ìtàn kéékèèké fún àwọn ìwé ìròyìn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tó bá rí i.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti 1950. Ìwé méje ni ó ti tẹ̀ jáde nígbà náà, síbẹ̀ iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó ń ṣe nílé òyìnbó kan ní Miami. Ìyàwó ilé náà ṣí ìwé ìròyìn *Saturday Evening Post* lọ́jọ́ kan, ó sì bá ìtàn tí ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé òun kọ níbẹ̀. Owó ìdá òǹkọ̀wé tó pọ̀ jù lọ tí ìwé rẹ̀ kankan mú wá fún un nígbà ayé rẹ̀ jẹ́ 943 dọ́là àti sẹ́ǹtì 75. Òṣìṣẹ́ takuntakun ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ náà kò níye lórí, nítorí pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tún àwọn ìwé rẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní yunifásítì káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń dá iye iṣẹ́ rẹ̀ fún un, òun kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá a.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ rò pé bí ayé gbogbo ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ wo Margaret Busby, tí wọ́n bí ní Accra ní 1944. Òun àti Clive Allison ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Allison & Busby sílẹ̀ ní London ní 1967; ilé iṣẹ́ yẹn wà lára àwọn tó tẹ ìwé Buchi Emecheta, ọmọ orílẹ̀-èdè wa. Lẹ́yìn ogún ọdún, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó sì yá, ó di òǹkọ̀wé àti olóòtú tó ń dáṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní 1992 ni ó mú àkójọ ńlá kan jáde tí ó pè ní *Daughters of Africa*, iṣẹ́ àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó lé ní 200 láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ibi gbogbo tí wọ́n fọ́n ká sí. Ní 2019 ó tún mú òmíràn jáde tó gba àwọn obìnrin míràn tó lé ní 200. Ní 2020, òun ni alága àwọn adájọ́ ẹ̀bùn Booker, tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ. Iṣẹ́ olóòtú ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, Màmá, nígbà tí ẹ bá tún pe ọmọ yín jókòó, ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá ó mọ̀wé kọ. Ẹ bi í bóyá ó ń bá àwọn ẹlòmíràn tún ìwé ṣe pẹ̀lú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ, nítorí owó títún ìwé ẹlòmíràn ṣe ló sábà máa ń san owó ilé nígbà tí tẹni kò bá tíì tà. Ẹ bi í bóyá ẹnì kan péré ló ń gbéṣẹ́ fún un. Kí ẹ sì bi í pé ta ló jẹ ẹ́ lówó, láti ọjọ́ wo. Bí ó bá dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pẹ̀lú iye àti ọjọ́, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ọmọ yín ti mú un bí iṣẹ́.

Ẹ mẹ́nu ba bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Kossola tí Hurston lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹ kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yà Yorùbá ni? Báwo ni ó ṣe mú un sọ̀rọ̀? (Òǹkàwé, Àjàṣẹ́, orílẹ̀-èdè Benin)

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìtàn tó yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò sọ ni pé ará agbègbè Bantè ni, lókè orílẹ̀-èdè yín, láàárín àwọn tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Oluale Kossola ni ó pe ara rẹ̀. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ní 1860, nígbà ayé ọba Glele, àwọn ọmọ ogun Dàhómì, lọ́kùnrin lóbìnrin, ya wọ ìlú rẹ̀ ní ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ẹ̀gbá yóò rántí pé àwọn ọmọ ogun yìí ni wọ́n lé padà lẹ́nu odi Abẹ́òkúta ní 1851, tí wọ́n tún lé padà ní 1864. Ìlú Kossola kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó àwọn tó kù láàyè lọ sí Ouidah, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àgọ́ ẹrú létí òkun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀gákọ̀ William Foster tó rà wọ́n sínú ọkọ̀ *Clotilda*. Nǹkan bí 110 ènìyàn ni ọkọ̀ yẹn kó dé Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí kíkó ẹrú wọ̀lú láti 1808. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Ní 2019 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àfọ́kù rẹ̀ lábẹ́ omi odò Mobile.

Òmìnira dé ní 1865. Àwọn tó bá ọkọ̀ náà wá ń wá owó tí wọ́n máa fi padà sílé, kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní kí ọkùnrin tó ní kí wọ́n lọ kó àwọn wá fún àwọn ní ilẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n wá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú owó, wọ́n fi ra ilẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ ìlú kan dó síbẹ̀ tí wọ́n pè ní African Town. Africatown ni wọ́n ń pè é lónìí, àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ń gbé ibẹ̀.

Nígbà tí Hurston dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní 1927, bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n bí ti kú. Hurston kò pè é ní Cudjo. Orúkọ tí ó ti òkè òkun gbé wá ni ó fi kí i. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú bàbá náà, ó ní kò sí ẹni tó tún ń pe òun ní orúkọ yẹn mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Hurston ń gbé èso píìṣì lọ fún un, ó ń gbé bàrà olómi lọ, ó tilẹ̀ gbé ẹ̀tù tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí bàbá náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá, tí ọgbà rẹ̀ ni ó fẹ́ ro, Hurston yóò sì fi í sílẹ̀ tàbí kí ó bá a gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa, nítorí àwa tí a máa ń gbé fóònù sí ẹni lẹ́nu ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ pọ̀ jù.

Ọjọ́ tí ó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, bàbá náà wọlé lọ, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó sì bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ kí ó tó jáde. Ó ní òun fẹ́ rí bí ẹni tó wà ní Áfíríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn òun wà. Ó tún ní láàárín sàréè ìyàwó àti àwọn ọmọ òun ni kí ó ti ya òun. Bó ṣe fẹ́ ni Hurston ṣe yà á. Bàbá náà kú ní 1935. (Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó pè é ní ẹni ìkẹyìn tó bá ọkọ̀ ẹrú dé Amẹ́ríkà, ìwádìí àìpẹ́ yìí ti fi hàn pé obìnrin kan tó bá ọkọ̀ kan náà wá ní ọmọdé, Matilda McCrear, gbé ayé di 1940.)

Bó ṣe ń kó orin jọ náà kò yàtọ̀. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Florida ní 1939, ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington sì ní i lọ́wọ́. Níbẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé òun máa ń wọ àárín àwọn tó ń kọrin, òun á tẹ́tí, òun á máa gbè é, títí òun á fi mọ gbogbo rẹ̀. Òun á wá kọ ọ́ padà sí wọn létí títí wọ́n á fi gbà pé òun kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àwọn tó ni orin ni wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó rí i.

Mo kà pé àròkọ àkọ́kọ́ tí Hurston kọ nípa Kossola jẹ́ ìdàkọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé e ga? (Olùkọ́ yunifásítì, Ilé-Ifẹ̀)

Òótọ́ ni. Àròkọ tó jáde ní oṣù kẹwàá 1927 nínú *Journal of Negro History* kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láti inú ìwé tí Emma Langdon Roche tẹ̀ ní 1914, láìsọ ibi tí ó ti rí i tó bó ṣe yẹ. 1972 ni onímọ̀ èdè kan tú u fó. Ó burú, n kò sì ní gbè é lẹ́sẹ̀. Owó àwọn tó rán an níṣẹ́ ń tán lọ, wọ́n ń retí èsì, kò sì rí ohun gidi kó jọ ní ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn. Èyí ṣàlàyé ohun tó ṣe, kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́.

Ìdí tí mo fi ń gbé e ga ni pé ó padà lọ. Ó tún lọ jókòó ti bàbá náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìwé tí ó sì kọ parí ní 1931 jẹ́ ọ̀rọ̀ Kossola láti ẹnu Kossola. Ẹ lè fi èyí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ gbé méjèèjì síwájú wọn pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá mi sọ nípa ayé ìgbà èwe wọn ní èdè Èkìtì, bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Ìwé ìròyìn kan ní àwọn máa gbà á bí mo bá lè yí gbogbo rẹ̀ padà sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣé kí n gbà? (Òǹkọ̀wé ọ̀dọ́, Adó-Èkìtì)

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sọ fún Hurston. Nígbà tí ó gbé ìwé Kossola lọ fún àwọn atẹ̀wé, ilé iṣẹ́ Viking ní àwọn fẹ́ ẹ bí ó bá lè kọ ọ́ ní èdè tó jágaara dípò bí bàbá náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Bàbá yẹn kọ́ èdè òyìnbó lójú ìyà, lẹ́yìn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di géńdé; bó ṣe ń tò ó ni ìtàn ayé rẹ̀ ṣe ń hàn nínú rẹ̀. Hurston fàáké kọ́rí. Ìwé náà wà nínú àpótí ní Yunifásítì Howard títí di 2018, kí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tó tẹ̀ ẹ́ ní *Barracoon*, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Kossola bí ó ṣe wà. Nígbà náà, ọdún 58 ti kọjá lórí ikú Hurston.

Ẹ wá rí i pé ohun tí ó san fún ìkọ̀sílẹ̀ yẹn pọ̀, n kò sì lè pàṣẹ fún yín pé kí ẹ san irú rẹ̀. Ohun tí mo máa sọ gẹ́gẹ́ bí olóòtú ni pé àárín gbùngbùn kan wà tí ìwé ìròyìn tó bá nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yín yóò gbà. Ẹ kọ àlàyé tiyín ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ó mọ́ ketekete. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá wà ní èdè Èkìtì. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le fún ará Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú, kí gbólóhùn tiyín tó tẹ̀ lé e gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde, kí òǹkàwé má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ ojú ìwé méjì bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó sábà máa ń jẹ́ pé iṣẹ́ ń bà wọ́n lẹ́rù ni, wọn kò kórìíra Èkìtì. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ gbé e lọ síbòmíràn. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ní gbà kí ẹ ṣe ni kí ẹ yí ọ̀rọ̀ ìyá padà, kí ẹ sì tún fi àmì àyọlò sí i pẹ̀lú orúkọ ìyá lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Mo ń gbé Peckham ní London, mo sì ń dáṣẹ́ ìkọ̀wé ṣe. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kí n kọ ìtàn àwọn tó dá ẹgbẹ́ orin aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní gúúsù London láti ọdún 1970 wá. Owó náà dára. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn sọ pé gbogbo ohun tí mo bá kó jọ, títí kan ohùn tí mo gbà sílẹ̀, di tiwọn títí ayé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n buwọ́ lù ú. (Òǹkọ̀wé, London)

Ẹ má tíì buwọ́ lù ú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdéhùn Mason tí mo ṣèlérí lókè. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá 1927 ni Hurston fọwọ́ sí i. 200 dọ́là lóṣooṣù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya sinimá: owó ńlá ni fún ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn, n kò sì dá a lẹ́bi pé ó gbà á. Ṣùgbọ́n ìwé náà sọ pé aṣojú Mason ni ó jẹ́, àti pé ti Mason ni gbogbo ìtàn, orin àti àlọ́ tí ó bá kó jọ. Kò lè tẹ̀ wọ́n, kò lè fi wọ́n hàn ẹnikẹ́ni, àfi bí Mason bá gbà. Gbogbo owó tí Hurston bá ná ló ń ṣírò fún Mason. Lẹ́tà rẹ̀ kan wà tí ó fi bẹ Mason fún owó bàtà, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. Ẹni tó mọ ohun tí baba ńlá ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí ni ó ń tọrọ bàtà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìlà kan nínú rẹ̀. *Mules and Men*, ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde, kò rí ìmọ́lẹ̀ títí di 1935.

Ẹ̀yin kò sí nínú ipò rẹ̀, òfin wà lẹ́yìn yín. Ní Bìrìtìkó, ẹni tó bá ń dáṣẹ́ ṣe, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, ni ó kọ́kọ́ ni kọ́píráìtì ohun tó kọ, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ tàbí ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kò sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi bí ẹ bá fi ìwé gbé e fún un, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Òfin Nàìjíríà náà ní kí irú ìgbéléni-lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wá ìbuwọ́lùwé yín kíákíá. Ẹ kọ̀wé padà sí wọn, ẹ sọ pé ẹ gbà kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ iṣẹ́ náà jáde, kí ó jẹ́ tiwọn nìkan fún ọdún kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ lè lò ó bó ṣe wù yín. Àti pé ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ kò sí nínú ọjà náà rárá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì jáde lọ́tọ̀. Ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá àwọn òǹkọ̀wé tó ń dáṣẹ́ ṣe láre lórí *New York Times* àti àwọn mìíràn, pé wọn kò lè kó àròkọ tí wọ́n rà fún ìwé ìròyìn orí bébà sínú àkójọ orí kọ̀ǹpútà láìgba àṣẹ. Ohun tó tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn ni pé àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun gbogbo pọ̀ sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó náà síbẹ̀. Láti 1998 ni òfin ti wà ní Bìrìtìkó tó fún yín láṣẹ láti gba èlé lórí owó iṣẹ́ tó bá pẹ́, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ní àfikún sí èlé tí Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà; ní ìlú New York láti 2017, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ 800 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òṣìṣẹ́ aládàáni gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ó sì san án láàárín 30 ọjọ́ bí wọn kò bá dá ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ALCS (Authors' Licensing and Collecting Society), ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn òǹkọ̀wé nígbà tí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ro ti àwọn bàbá àti ìyá tí ẹ máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, nítorí pé ọmọ wọn ni wọ́n kà yín sí. Bí ẹ bá gbé ohùn wọn fún ilé iṣẹ́ títí ayé, ẹ ti fi ohun tí wọn kò fún yín tọrẹ. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó gbà á sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà padà fún wọn. Bí ilé iṣẹ́ náà bá kọ̀ láti yí àdéhùn padà, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi owó yẹn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ iye tí owó ilé ń náni ní Peckham.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ní páálí mẹ́rin tó kún fún ìwì egúngún àti ìtàn agboolé tí mo kọ láti ọdún 1960 wá. Ọjọ́ ogbó ti dé. Ta ni kí n kó wọn fún? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Nígbà tí Hurston kú ní oṣù kìíní 1960 ní Fort Pierce, àwọn tó ń palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ ti dáná sun àwọn ìwé rẹ̀; ọlọ́pàá kan tó mọ̀ ọ́n ló ń kọjá lọ, tó sì pa iná náà. Àwọn ìwé tí iná ti jó lára wọn náà wà ní Yunifásítì Florida báyìí. Nílé wa níbí, Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìtàn Yorùbá parí ní Ọ̀yọ́ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọnù sọ́hùn-ún. Ó kú ní 1901 láìrí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé, 1921 ni ó tó jáde. Bí kò bá sí àwọn ìwé àfọwọ́kọ yẹn nínú ilé, kò sí ohun tí à bá máa kà lónìí.

Ẹ ní kí ọmọ-ọmọ yín kan fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kó wọn sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lára páálí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kì í fún yín, agboolé rẹ̀, àti ọdún tó jẹ́, nítorí ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè dá ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ìwì tí àwọn ọlọ́jẹ̀ bá ní kì í ṣe fún etí gbogbo ayé, ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ bẹ́ẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn sọ̀rọ̀, tàbí ilé ìkówèésí yunifásítì náà. Kí ẹ tó kó páálí kankan jáde nílé, kí ìwé wà láàárín yín tó sọ bóyá ẹ fi wọ́n tọrẹ ni tàbí ẹ fi wọ́n pamọ́ sí wọn lọ́wọ́, ẹni tó lè tẹ̀ wọ́n, àti pé àwọn ọmọ àwọn tó kì í fún yín lè wá kà á nígbàkúgbà láìsanwó.